Adágún Kachikally àti Àwọn Ọ̀nì Rẹ̀

Kachikally jẹ́ adágún omi mímọ́ ní ìlú Bakau, létí òkun ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà, kò sì jìnnà sí Banjul tó jẹ́ olú-ìlú. Ojú oró bo omi náà débi pé àlejò lè rò pé koríko ni. Igi àràbà ńláńlá wà nínú igbó tó yí i ká, àwọn ọ̀nì sì ń yáàrùn létí rẹ̀. Ìdílé Bojang, tí í ṣe ẹ̀yà Màǹdíńkà, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ìran dé ìran.

Ìtàn tí ìdílé náà ń sọ ni pé àǹjọ̀nú obìnrin kan, Kachikally, tọ bàbá ńlá wọn Ncooping Bojang wá, ó ní ọmọ òun ti já sínú kànga. Wọ́n bá a yọ ọmọ náà. Ṣé ó kàn fẹ́ dán wọn wò ni. Nígbà tó rí i pé ọmọlúàbí ni wọ́n, ó fi omi náà ta wọ́n lọ́rẹ, ó ní obìnrin tó bá fi wẹ̀ yóò bímọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Ncooping mú ọ̀nì méjì wá síbẹ̀. Nínú ìtàn yìí, omi ló gba àṣẹ, kì í ṣe ọ̀nì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Kachikally lónìí.

Obì gbànja ni ẹni tó ń wá ọmọ máa ń mú lọ. Àwọn obìnrin ìdílé Bojang á pọn omi, wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì wẹ̀ fún un ní kọ̀rọ̀. Tó bá bímọ, wọ́n lè sọ ọmọ náà ní Kachikally. Àwọn tó ń ja ìjàkadì àti àwọn oníṣòwò náà ń wá oríire lọ síbẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn ará ìlú, èyí kò sì dí àṣà náà lọ́wọ́.

Ẹja ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọ̀nì náà, wọ́n sì ti mọ ènìyàn lára tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò ń fọwọ́ kàn wọ́n. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ka irú wọn mọ́ ọ̀nì odò Náílì, kí ìwádìí ọdún 2011 tó fi hàn pé Crocodylus suchus, ọ̀nì Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Irú kan náà ni àwọn òkú ọ̀nì ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò nínú ìwádìí ọ̀hún, àwọn tí wọ́n ti dì láṣọ nítorí òrìṣà.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà báyìí, owó ìwọlé àwọn arìnrìn-àjò sì ń wọlé déédéé. Gáḿbíà tún ní irú omi bẹ́ẹ̀ méjì mìíràn: Folonko ní Kartong, nítòsí ààlà ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ní gúúsù, àti ti Berending ní òdìkejì odò Gáḿbíà. Àlejò kì í pọ̀ níbẹ̀ tó ti Kachikally. Àdúrà ló ṣì ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbẹ̀.