Àwọn Akanlẹ̀kùn Goresbrook

Goresbrook jẹ́ wọ́ọ̀dù kan, ìyẹn ìpín tí wọ́n ti ń dìbò yan kánsẹ́lọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Barking and Dagenham ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá odò Thames ló sì fún un lórúkọ. Ó wà lára àdúgbò Becontree, ọ̀kẹ́ àìmọye ilé tí ìgbìmọ̀ ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti ọdún 1919, níbi tí wọ́n ti ń gbin ewébẹ̀ àti ọ̀dùnkún tẹ́lẹ̀. Àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ kó wọlé ní 1921, kí iṣẹ́ náà tó parí ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ilé tó lé ní 25,000 ló ti dúró. Àbùkù kan wà nínú ètò yìí tí ó kan ọ̀rọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa gan-an: ilẹ̀ Essex ni Becontree wà nígbà náà, kì í ṣe ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ẹni tó ń san owó ilé fún ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan àwọn tó jẹ́ onílé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìlú mẹ́ta, Barking, Dagenham àti Ilford, pín àdúgbò kan ṣoṣo náà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló ti ń kanlẹ̀kùn àwọn ilé wọ̀nyí láti ìgbà náà: agbowó-ilé, òṣèlú tó ń wá ìbò, àti olùwádìí, ẹni tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ onílé ju ìdáhùn rẹ̀ lọ. Yorùbá máa ń sọ pé abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ẹni tí yóò máa bọ́ abèèrè ní gbogbo àsìkò tó fi ń bèèrè, ìyẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ìtàn àwọn akanlẹ̀kùn kẹta yìí.

Àwòkọ́ṣe iṣẹ́ náà ti wà nílùú York kí Becontree tó dáyé. Seebohm Rowntree, ọmọ ọlọ́jà ṣokoléètì, kò ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó rán àwọn ènìyàn lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà láti mọ iye tó ń wọlé fún wọn àti ohun tí wọ́n ń jẹ, ìdílé 11,560 ni ìwádìí náà sì kàn kí ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1901. Ní 1904 ni Joseph, bàbá rẹ̀, fi apá ńlá nínú ọrọ̀ rẹ̀ dá àjọ mẹ́ta sílẹ̀, tí ìwádìí nípa òṣì àti ìṣèlú wà lára ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí. Bí ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì wọn sì ti wá ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a kò lè sọ pé àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò lọ́wọ́ rárá nínú owó tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn abèèrè ọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Becontree, owó epo rọ̀bì ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Edward Harkness, ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi owó tó lé ní £2,000,000 dá àjọ Pilgrim Trust sílẹ̀ ní 1930, àjọ yìí ni Terence Young sì ṣe ìwádìí fún, tí ìwé rẹ̀, *Becontree and Dagenham*, jáde ní 1934. Ohun tí ìwé náà fi hàn ni pé ilé ti ṣáájú gbogbo nǹkan yòókù dé: ènìyàn ti kún ibẹ̀ kí ibi ìpàdé, ibi ìgbafẹ́ àti iṣẹ́ tó súnmọ́ ilé tó tó wọn.

Nígbà kan náà, Nathaniel Akinremi Fadipe, ọmọ Yorùbá, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ènìyàn tirẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1939 lórí ètò àwùjọ Yorùbá, láti orí ẹbí àti agboolé dé orí ọba àti ìjòyè. Fadipe kú ní 1944, ọdún 1970 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn sì tó tẹ iṣẹ́ náà jáde. Nílùú kan náà, ìwé kan rí àjọ tó bèèrè fún un tó sì náwó lé e, èkejì sì wà nínú àpótí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nígbà tí àwọn tó ń ṣe òfin fún ilẹ̀ Yorùbá ì bá ti máa kà á.

Akanlẹ̀kùn tó wọ inú Dagenham jinlẹ̀ jù ni Peter Willmott. Ní 1954 ni Michael Young dá Institute of Community Studies sílẹ̀ ní Bethnal Green, ilé ìwádìí tí kò sí lábẹ́ yunifásítì kankan, Willmott tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwé tó kọ nípa Dagenham ní 1963 yẹ ibẹ̀ wò lẹ́yìn ogójì ọdún, ó sì rí i pé níbi tí àwọn ẹbí bá ti gbé súnmọ́ra, àjọṣe ìyá àti ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ti padà rí bó ti rí ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù àtijọ́. Àmọ́ òfin pípín ilé kò fi ààyè gba ọmọ ayálégbé láti rí ilé nítòsí òbí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ní láti kó lọ. Irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kì í ti inú ìwé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì jáde. Àfi kí ẹnì kan ráyè jókòó nínú pálọ̀ onílé, kí ó sì tún padà wá. Bóyá nítorí pé Michael Young mọ iye tí irú àyè bẹ́ẹ̀ ń náni ni wọ́n ṣe fi í ṣe alága àkọ́kọ́ nígbà tí ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìwádìí ìmọ̀ àwùjọ sílẹ̀ ní 1965, ìgbìmọ̀ tó ń sanwó fún àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1982, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Keith Joseph, fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ní kí ó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé kí wọ́n dá a sí. Wọ́n dá a sí, ṣùgbọ́n wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ìwé Willmott ti pé ọdún mọ́kànlélógójì nígbà tí Goresbrook dìbò àfikún ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004. Òfin ọdún 1980 ti jẹ́ kí ayálégbé lè ra ilé ìjọba tó ń gbé, ilé tí ọmọ ì bá yá sì ń tán lọ. Ilé-iṣẹ́ Ford, tó ti ń ṣe ọkọ̀ ní Dagenham láti 1931, ti dáwọ́ títo ọkọ̀ dúró ní 2002. Àwọn àlejò, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, sì ń kó wọlé. British National Party, tí a mọ̀ sí BNP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń lòdì sí ìwọlé àwọn àjèjì, ló gba àga náà. Àga náà bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 2005, ṣùgbọ́n wọ́n padà wá ní 2006 pẹ̀lú kánsẹ́lọ̀ 12 nínú 51 ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà, Richard Barnbrook tó wọlé ní Goresbrook sì di olórí wọn. Irọ́ tó tàn kálẹ̀ jù ni pé àwọn ará Áfíríkà ń gba £50,000 lọ́wọ́ ìjọba láti wá ra ilé níbẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn tí Willmott ti kọ sílẹ̀, pé ọmọ kò rí ilé nítòsí òbí, ni irọ́ yìí gùn bí ẹṣin, ẹni tó sì gbé e wá síwájú ilẹ̀kùn kò wá bèèrè ohunkóhun.

Ìgbà yìí ni owó Rowntree dé. Ẹgbẹ́ Democratic Audit, tí àwọn olùwádìí rẹ̀ fi Yunifásítì Essex ṣe ibùjókòó, fi owó náà ṣe ìwádìí nípa BNP, wọ́n sì rí i pé àwọn tó lè rò ó wò láti dìbò fún ẹgbẹ́ náà pọ̀ ju àwọn tó ń dìbò fún un lọ. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́: owó ọdún 1934 ṣáájú ìbínú dé, ti ọdún 2006 sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ní 2010, gbogbo àga BNP bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹgbẹ́ Labour sì kó gbogbo 51.

Lẹ́yìn èyí ni Justin Gest, onímọ̀ òṣèlú ará Amẹ́ríkà tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, wá bá àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun ní Barking àti Dagenham sọ̀rọ̀, tó sì fi ìlú Youngstown ní ìpínlẹ̀ Ohio ṣe ìkejì rẹ̀ nínú ìwé *The New Minority*, tó jáde ní 2016. Láàárín ìkànìyàn 2001 àti ti 2011, ìpín àwọn aláwọ̀ funfun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìjọba ìbílẹ̀ náà ti wálẹ̀ láti nǹkan bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún sí ohun tí kò tó ìdajì; àwọn wọ̀nyí ni àkọlé ìwé náà pè ní àwọn tuntun tí iye wọn kéré. Àwọn ìdílé ará Áfíríkà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wọn ọ̀tún àti òsì wà nínú ìwé náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti ẹnu aládùúgbò wọn ni.