Giganta ní Òpópónà Àjàṣẹ́

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí àwọn ìdílé Àgùdà bá ń ṣe ọdún Bonfim ní Àjàṣẹ́, a máa ń mú àwọn ọmọ wa lọ wo eré Burrinha, tí àwọn mìíràn ń pè ní Bourian. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti màlúù. Ṣùgbọ́n bí Giganta bá yọ, ère gàgàrà tí orí rẹ̀ ga ju ti gbogbo èrò lọ, ẹ̀rín á dá, ọmọ á di aṣọ wa mú, á sì béèrè pé: "Ṣé eégún ni?"

Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí ó bá fi aṣọ bora tí ó ń jó láàárín ìlú, ará ọ̀run ni, tàbí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí Kétu fi ń yangàn. Giganta kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Òkè òkun ni ó ti wá; ọ̀rọ̀ Potogí ni orúkọ rẹ̀, obìnrin òmìrán ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ta ni ó gbé e wá? Ogun tí ó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé sọ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàgó di ẹrú. A tà wọ́n ní Ouidah, ní Èkó, àti ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí Bahia ní Bràsíl. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1835, àwọn Nàgó tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ṣíwájú ọ̀tẹ̀ ní ìlú Salvador. Àsìkò ọdún Bonfim gan-an ni, ọdún kan náà tí à ń torí rẹ̀ jó ní Àjàṣẹ́ lónìí. Ìjọba yìnbọn pa ènìyàn 4, ó na ọ̀pọ̀ ní pàṣán, ó lé àwọn mìíràn kúrò nílùú. Lẹ́yìn náà, àwọn tí ó ti gba òmìnira ń wọkọ̀ bọ̀ wálé, pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá wo Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́, tí ojú rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, yóò mọ̀ pé wọ́n dé.

Títí dé ibí yìí, ìtàn náà rọrùn láti sọ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹrú tí ó padà nìkan ni à ń pè ní Àgùdà. Francisco Félix de Souza, tí ó kú ní Ouidah ní 1849, oníṣòwò ẹrú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni Domingos José Martins, tí ó ṣòwò ní agbègbè Àjàṣẹ́. Lára àwọn tí ó ti oko ẹrú dé pàápàá, àwọn kan ta ènìyàn. Àrọ́mọdọ́mọ ẹni tí a tà àti ti ẹni tí ó tà ni wọ́n jọ ń tẹ̀lé Giganta, tí wọ́n jọ ń kọ orin Potogí tí ọ̀pọ̀ akọrin kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan ní kí a má fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ba ọdún jẹ́ mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. A kò gbà. Ọmọ tí ó gbọ́n tó láti béèrè bóyá eégún ni ti tó gbọ́ ìdáhùn tòótọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá tún dé, ẹ mú ìwé dání lọ bá àwọn ìyá àgbà tí ń kọrin. Ẹ bi wọ́n: kí ni baba ńlá wọn ń ṣe ní Bahia, ta ni ó sì gbé e débẹ̀?