Ògbufọ̀ Inú Ẹ̀rọ: Ìtàn Sákíìtì Apààrọ̀-Kóòdù

Iye kan ṣoṣo lè ní orúkọ púpọ̀. Ohun tí Yorùbá ń pè ní márùndínláàádọ́ta náà ni à ń kọ ní 45. Ìṣirò ni orúkọ ti Yorùbá yìí: ogún mẹ́ta di ọgọ́ta, a yọ mẹ́wàá, ó ku àádọ́ta, a tún yọ márùn-ún. Ẹni tí ó kọ 45 gba ọ̀nà mìíràn: ó ka mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin, ó sì fi márùn-ún lé e. Iye kò yàtọ̀; ìlànà ìkọsílẹ̀ ni ó yàtọ̀. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní kóòdù, sákíìtì tí ó sì ń sọ kóòdù kan di òmíràn ni apààrọ̀-kóòdù.

Ní ọdún 1703 ni Gottfried Leibniz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ àlàyé lórí òǹkà tí kò lò ju àmì méjì lọ, 0 àti 1. Nínú òǹkà yìí, 45 di 101101, ìyẹn ni 32, 8, 4 àti 1 tí a rò pọ̀. Fífi ohun méjì péré ya ohun púpọ̀ sọ́tọ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Èso mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ojú méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ìdí nìyí tí odù Ifá fi jẹ́ 256. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé babaláwo ni ó ṣẹ̀dá kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó hàn ni pé babaláwo tí ó wo ojú ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí ó sì pe orúkọ odù ti túmọ̀ àmì sí ọ̀rọ̀.

Kí ẹ̀rọ tó lè ṣe irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní láti mọ ìlò àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi “àti”, “tàbí” àti “kì í ṣe”. George Boole, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cork ní ilẹ̀ Ireland, fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1854 pé a lè fi ìṣirò gbé wọn kalẹ̀. Ní 1937 ni Claude Shannon, akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé súìṣì iná lè ṣe iṣẹ́ wọn. Bí súìṣì méjì bá tò tẹ̀lé ara wọn, iná kò ní kọjá àfi bí a bá tan méjèèjì: “àti” nìyẹn. Bí wọ́n bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan tó: “tàbí” nìyẹn. Irú ètò súìṣì wọ̀nyí ni à ń pè ní géètì AND àti géètì OR lónìí.

George Stibitz wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi irú ìmọ̀ yìí ṣe ẹ̀rọ ìṣirò, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell. Bí a bá fi àmì mẹ́rin kọ 4 àti 5 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á di 0100 àti 0101. Nínú kóòdù tí Stibitz lò, a óò kọ́kọ́ fi 3 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á sì di 0111 àti 1000. Àǹfààní rẹ̀ wà nínú àyọkúrò: bí a bá sọ 0 di 1, tí a sì sọ 1 di 0, 4 yóò di 5, 5 yóò sì di 4, ìyẹn ni iye tí ó kù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó pé 9. Géètì NOT nìkan ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìṣòro mìíràn ni Frank Gray bá pàdé ní ilé-iṣẹ́ kan náà, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohùn ènìyàn di nọ́ńbà. Láti 31 sí 32, 011111 ní láti di 100000. Àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ lè ka iye tí ó jìnnà pátápátá sí òótọ́. Nínú kóòdù tí Gray kọ ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1947, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ní 1953, 31 jẹ́ 010000, 32 jẹ́ 110000. Àmì kan péré ni ó yí padà, nítorí náà àṣìṣe kò lè ju ìṣísẹ̀ kan lọ.

Ṣùgbọ́n kóòdù Gray kò rọrùn láti fi ṣe àròpọ̀. A ní láti dá a padà sí òǹkà Leibniz, géètì XOR ni ó sì ń ṣe é, géètì tí ó ń mú 1 jáde nígbà tí àmì méjì tí ó wọlé bá yàtọ̀ síra. Nínú kóòdù Gray, 45 jẹ́ 111011. A ó fi àmì àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Lẹ́yìn náà, XOR yóò máa fi àmì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wé èyí tí ó kàn nínú kóòdù náà. Pẹ̀lú géètì márùn-ún péré, 101101 yóò jáde. Fún kóòdù tí kò lọ létòlétò báyìí, a ó to gbogbo ohun tí ó lè wọlé àti èsì wọn sínú àtẹ, a ó sì wá ọ̀nà tí géètì rẹ̀ kéré jù. Àtẹ tí Maurice Karnaugh gbé jáde ní 1953 mú ìwákiri yìí rọrùn. Ìlànà Gray náà ni ó fi to ìlà rẹ̀: 00, 01, 11, 10.

Nínú ìtàn yìí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò pa kóòdù kan run nítorí òmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ti Gray dára fún wíwọn nǹkan, ti Leibniz fún àròpọ̀, 45 fún ojú ènìyàn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ògbufọ̀ sáàárín. Àwọn èdè ilẹ̀ Nàìjíríà náà ní kóòdù tiwọn. Hausa ní arba’in da biyar, ogójì àti márùn-ún. Igbo òde òní ní iri anọ na ise, mẹ́wàá mẹ́rin àti márùn-ún. Yorùbá yọ kúrò. Ọmọ tí wọ́n sọ fún pé òǹkà Yorùbá le jù, tí wọ́n sì fi 45 nìkan sílẹ̀ fún, ti gba kóòdù kan láìgba apààrọ̀. Olùkọ́ ni apààrọ̀ náà. Bí ó bá kọ 60 − 10 − 5 sí ẹ̀gbẹ́ márùndínláàádọ́ta lójú pátákó, ọmọ yóò lè lọ, yóò sì lè bọ̀, láìsọ ohunkóhun nù lọ́nà.