Yunifásítì Ìlọrin: Ilé-Ẹ̀kọ́ Kan, Ọgbà Méjì

Ní ọdún 1975 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìlọrin sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ 200 ni ó kọ́kọ́ wọlé ní 1976; ní 1977, ó dá dúró. Nígbà tí ọgbà inú ìlú há, wọ́n ṣí ilẹ̀ tuntun nínú ọ̀dàn. Ní oṣù kìíní 1982, àwọn onísáyẹ́ǹsì àti onímọ̀ ẹ̀rọ kó lọ síbẹ̀. Àwọn yòókù kù sí ìgboro. Ará ọ̀dàn rí àyè, ṣùgbọ́n ọjà jìnnà sí i. Ará ìgboro súnmọ́ ọjà, àyè ni kò rí. Èyí tí ó wúwo jù ni pé ọ̀nà jíjìn la onímọ̀ èdè àti onímọ̀ ẹ̀rọ láàrin. Bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.