Àjákù Ìwé Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn kan tì lẹ́yìn.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe jẹun. Ìwé ló kún ọ́fíìsì wa; èyí tí a bá lò tán, inú agbọ̀n ìdọ̀tí ló ń lọ. N kò rò ó rí pé àjákù ìwé lè di ohun tí n ó máa ro àròjinlẹ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló sún mi dé ibẹ̀. Aránṣọ ni wọ́n ní Ìbàdàn fún ogójì ọdún. Nígbà tí bàbá wa papò dà, mo mú wọn wá sọ́dọ̀ wa kí wọ́n má baà dá wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí láàárọ̀ lálẹ́. Mo ra maṣíìnì ìránṣọ fún wọn, wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, “Ta ni mo fẹ́ ránṣọ fún níbí?”

Lọ́jọ́ kan mo mú wọn lọ wo òdòdó nínú ọgbà ewéko ti ìjọba ní Glasnevin. Ibẹ̀ ni mo ti rántí obìnrin kan tó gbé ní agbègbè yẹn kí wọ́n tó dá ọgbà náà sílẹ̀ ní ọdún 1795.

Mary Delany ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1700. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi í fún ọkùnrin kan tó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún. Ìgbéyàwó náà kò dùn mọ́ ọn, kò sì pé ọdún mẹ́wàá tí ọkọ náà fi kú. Ní ọdún 1743 ó fẹ́ Patrick Delany, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, ọ̀rẹ́ Jonathan Swift tó kọ ìwé Gulliver. Ilé wọn, Delville, wà ní Glasnevin. Ilé ìwòsàn Bon Secours ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Níbẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń dá ọgbà, tó ń kó iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, tó sì ń fi ìkarahun ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 1768 ọkọ rẹ̀ kú. Ó di opó lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Ní ọdún 1772, nígbà tó di ẹni ọdún 72, ó wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Duchess of Portland. Ó rí ègé ìwé pupa kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti òdòdó kan tó wà nítòsí mu rẹ́gí. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìwé náà bí ewé òdòdó, ó sì lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, ó rò pé òdòdó gidi ni ó já sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ńlá náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Orí ìwé tó dúdú bí èédú ló máa ń lẹ àwọn ègé náà mọ́, kí àwọ̀ wọn lè yọ. Òdòdó kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ègé. Ibo ló ti ń rí ìwé? Ó ń rà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gákọ̀ òkun tó ti Ṣáínà dé. Ó tún ń lọ bá àwọn tó ń pa ìwé láró, ó ń ra èyí tí aró rẹ̀ ṣàn tí ó sì dàpọ̀, tí oníbàárà kò fẹ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí ọjà bá bàjẹ́, a ó kọ ọ́ sí òfò. Arúgbó yìí ra òfò ẹlòmíràn, ó sì sọ ọ́ di èrè. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, títí ojú fi dùn ún ní ọdún 1782. Àwòrán 985 ló ṣe. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ méjì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kú ní ọdún 1788, àwọn àwòrán náà sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìtàn òyìnbó nìyí. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: ègé aṣọ oríṣiríṣi ni wọ́n tò pọ̀, ìdílé sì ń fi tuntun kún un bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ẹ tún wo Òṣogbo. Ní ọdún 1962 Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Georgina Beier ṣe ní ọdún 1964, kò pọn dandan kí ènìyàn ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Jimoh Buraimoh, tó ń tan iná fún eré Dúró Ládípọ̀, wá di ẹni tó ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pákó di àwòrán. Adébísí Fábùnmi ń fi òwú ṣe tirẹ̀. Ohun tó wà nítòsí ni wọ́n lò, orúkọ wọn sì kàn káàkiri ayé.

Mo sọ ìtàn obìnrin Glasnevin fún ìyá mi nínú bọ́ọ̀sì. Wọn kò dáhùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo da àpò ìwé lẹ́tà àtijọ́, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá àti ìwé ìpolówó ọjà sórí tábìlì fún àbígbẹ̀yìn mi. Ọmọ náà ń gé e ṣákaṣàka. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, “Má yí àlùmọ́gàjí, ìwé ni kí o máa yí.” Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí a fi máa jẹun alẹ́, ẹ̀kú egúngún kan ti wà lórí páálí, aláwọ̀ mèremère. Ọmọ náà bi wọ́n pé kí ni èyí, kí ni tọ̀hún ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ju èyí tí mo fi oṣù kan kọ́ ọ lọ.

Maṣíìnì náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀. Ìbànújẹ́ kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, ìbéèrè tí ìyá mi kọ́kọ́ ń bi mí ni pé, “Ìwé wo lo mú bọ̀?”

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí àgbàlagbà kan bá ń jókòó lásán nínú ilé yín, ẹ má rò pé ọgbọ́n ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá àlùmọ́gàjí, gọ́ọ̀mù àti ìwé tí ẹ fẹ́ dà nù, kí ẹ sì pe ọmọdé kan jókòó tì í. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn òbí wa pẹ́ fún wa. Ire o.