Ògiri Létí, Kọ̀ǹpútà Lójú

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ọmọbìnrin mi ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, olùkọ́ rẹ̀ ní òun kò rí ojú rẹ̀, òkùnkùn biribiri ni òun ń wò. Inú bí mi. Ṣebí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a gba kọ̀ǹpútà ọ̀hún lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe! Mo ti gbé fóònù láti pe ọ̀gá atúnṣe náà kí n sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, nígbà tí ọmọ náà rọra ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Kámẹ́rà yẹn kò bàjẹ́. Èmi ni mo fi bébà lẹ̀ ẹ́ lójú."

"Kí ló dé?"

"Láti ìgbà tó ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn atúnṣe, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣàdéédé tàn lóru, nígbà tí n kò tẹ nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Yorùbá ní ògiri létí, ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò sọ fún wa pé ó lójú. Níbo wá ni ojú yìí ti wá?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kọfí ló fà á. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ ń lo ìkòkò kọfí kan ṣoṣo. Ẹni tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ jìnnà á rìn wá, á sì bá a pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti mu ún gbẹ. Ni Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky bá gbé kámẹ́rà kan dojú kọ ìkòkò náà, tí wọ́n sì ṣe ètò tí yóò máa gbé àwòrán rẹ̀ wá sórí kọ̀ǹpútà wọn. Ní 1993, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo ayé bá ń wo ìkòkò kọfí! Ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni wọ́n tó pa á.

Ẹ kíyè sí i o: ìkòkò ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ènìyàn. Ní 1994 ni ilé-iṣẹ́ Connectix gbé QuickCam jáde ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ó rí rogodo bí ẹyinjú. Ìyẹn ṣì dára, nítorí ẹni tó bá lò ó tán lè fà á yọ. Nígbà tó yá ni wọ́n kan kámẹ́rà mọ́ ìdérí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Èyí kò ṣeé fà yọ mọ́. Ibi tí a bá gbé kọ̀ǹpútà dé, ojú náà dé ibẹ̀, títí kan yàrá tí a ti ń bọ́ṣọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2010, ní Pennsylvania, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àṣírí tú pé àwọn ilé-ìwé Lower Merion ti fi kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún àwọn ọmọ ya àwòrán wọn nínú ilé òbí wọn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó sọnù ni àwọn ń wá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, 610,000 dọ́là ni wọ́n sì fi parí ẹ̀. Ní 2013, ọ̀dọ́kùnrin kan gba ojú kọ̀ǹpútà Cassidy Wolf, ẹni tó di Miss Teen USA lọ́dún náà, ó ya á ní ìhòòhò, ó sì fi àwòrán náà halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún ni adájọ́ sọ ọ́ sí. Nígbà tí ọlọ́pàá ilẹ̀ púpọ̀ dìde sí ètò burúkú tí wọ́n ń pè ní Blackshades ní oṣù karùn-ún 2014, FBI ní ó ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ogójì dọ́là péré ni ẹnikẹ́ni lè fi rà á!

Ẹlòmíràn á ní, "Iná rẹ̀ kò kúkú tàn." Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná o. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins fi hàn pé kámẹ́rà àwọn MacBook kan tí wọ́n ṣe ṣáájú 2008 lè máa ṣiṣẹ́ láìtan iná. Abájọ tó fi jẹ́ pé nínú fọ́tò tí Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, yà ní 2016, téèpù wà lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Láti nǹkan bí 2018, Lenovo ń ṣe ilẹ̀kùn kékeré sójú kámẹ́rà àwọn ThinkPad kan.

Nítorí náà, bí kámẹ́rà yín bá ṣókùnkùn, ẹ má tètè sáré lọ sọ́dọ̀ atúnṣe. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀kùn náà tì, tàbí ọwọ́ ti kan bọ́tìnì tó ń pa á. Ẹ wo ìlànà inú kọ̀ǹpútà bóyá ó gbà kí ètò tí ẹ ń lò rí kámẹ́rà, kí ẹ sì pa ètò mìíràn tó lè ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn. Bí gbogbo èyí kò bá ran án, ó lè jẹ́ wáyà tó gba ibi ìdérí kọjá ló já. Iṣẹ́ atúnṣe nìyẹn.

Ní ti ààbò, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìwé inú ímeèlì ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣí i. Ètò tí wọ́n jí dà kọ, ẹ má gbé e wọlé. Bí Windows tàbí Apple bá gbé àtúnṣe tuntun wá, ẹ gbà á. Kí ẹ sì fi nǹkan fẹ́lẹ́ bo ojú kámẹ́rà, nítorí Apple kìlọ̀ ní 2020 pé ìbòjú tó nípọn lè fọ́ gíláàsì MacBook tí a bá pa á dé.

Àwa náà gbé kọ̀ǹpútà wa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó kó iṣẹ́ ọmọ mi pamọ́, ó nu inú rẹ̀ mọ́ pátápátá, ó sì to gbogbo rẹ̀ ní ọ̀tun. Láti ọjọ́ náà, iná kò ṣàdéédé tàn mọ́. Ìbá jẹ́ pé mo ti na ọmọ yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ni ǹ bá wí? Bébà kékeré rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá yá, a ṣí i. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, a tì í, bí a ti ń ti ilẹ̀kùn ilé wa lálaalẹ́.