Yàrà Tí Ó Di Yàrá: Òfò Ogun Kírìjí, 1877–1893

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kan, mo pe àpèkọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìsọlọ̀. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ni pé, ‘Àwọn ọmọ ogun sá wọ inú yàrà.’ Nígbà tí mo gba ìwé wọn, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi àmì òkè sí orí sílébù kejì, tí yàrà sì di yàrá. Ọmọ kan tilẹ̀ bi mí pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ilé wà lójú ogun ni?’ Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kòtò gígùn tí a gbẹ́ yí odi ìlú tàbí àgọ́ ogun ká ni yàrà, àti pé ibi tí à ń sùn ni yàrá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ìbéèrè ọmọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nínú ogun Kírìjí, ilé wà lójú ogun ní tòótọ́.

Ìdí ogun

Kò sí ogun tí kò nídìí. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn ni ó di apata fún ilẹ̀ Yorùbá; àwọn ni wọ́n ṣẹ́gun ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ni lọ́wọ́ ẹkùn kò gbọdọ̀ tún fi ni ṣe ẹran jẹ. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ń gba ohun olóhun ní tipátipá. Ní ọdún 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn gbé ogun ti Ẹ̀gbá. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà etí òkun mọ́ ọn. Ní ọdún 1878, Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀. Ìlú kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì dìde. Báyìí ni Èkìtì Parapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn ṣẹ́gun Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlọrin nítòsí Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ ni ó bẹ́ sínú odò Ọ̀tìn tí omi sì gbé wọn lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Bí ó bá ṣe pé ìṣẹ́gun a máa parí ìjà ni, ìjà ìbá ti parí lọ́jọ́ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó kù tún ara wọn kó jọ. Ọgẹ́dẹ̀ǹgbé, akọni Iléṣà, sì di olórí ogun wọn.

Àgọ́ tí ó di ìlú

Ìbàdàn tẹ̀dó sí ẹ̀bá Ìgbájọ. Èkìtì Parapọ̀ tẹ̀dó sí ẹ̀bá Ìmẹ̀sí-Ilé. Òkè ni ó yí wọn ká. Odò kékeré kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Fẹ̀jẹ̀bọ́jú. Orúkọ náà tó àlàyé. Ìró ìbọn ńlá Èkìtì, tí àwọn òkè ń gbé kiri, ni etí gbọ́ bíi ‘kírìjí, kírìjí’, tí a fi sọ ogun náà lórúkọ.

Àtíbàbà oníkoríko ni ilé àgọ́ ogun. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ọdún kan rọ̀, tí ti èkejì rọ̀, tí ogun kò tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé alámọ̀. Wọ́n dá oko. Wọ́n ná ọjà. Àwọn aya bá ọkọ wọn níbẹ̀, wọ́n sì bímọ níbẹ̀. Bí ọjọ́ ìjà bá pé, wọn a jáde sí pápá, wọn a yìnbọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọn a sì kó òkú àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ padà. Ibi tí wọ́n dúró sí lánàá náà ni wọn yóò tún dúró sí lọ́la.

Ohun ìjà tuntun mú kí ọ̀ràn náà burú sí i. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí a ti rí àwọn tí ó padà bọ̀ láti Sàró àti Bràsíìlì nínú wọn, fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sílé. Ìbọn àtijọ́ tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu kò lè bá a dọ́gba. Akọni tí ó máa ń fi idà sáré wọ àárín ọ̀tá kò rí ọ̀nà mọ́. Ìbọn kò jẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú. Ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n lè padà sẹ́yìn.

Òfò

Nínú ìwé ìdánwò, àwọn ọmọ a máa kọ ọ́ pé ‘ọ̀mì ni ogun Kírìjí’, bí ẹni pé ayò ni wọ́n ta. Ta ni yóò ka ọ̀mì fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò padà láti Ìgbájọ? Ìbọn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àwọn tí a kó lẹ́rú ni a ń tà láti fi ra ìbọn àti ẹ̀tù. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá a. Iwájú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ń dojú kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1881, Aláàfin Adéyẹmí kìíní kọ̀wé sí Gómìnà ní Èkó pé kí ó wá bá wọn là á. Ní ọdún 1885, Látòósà kú sínú àgọ́. Kò tún fojú rí ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìlajú ni ó fà á. Ní ẹ̀bá odò Somme ní ilẹ̀ Faransé, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1916, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 19,000. Nígbà tí ìjà náà dáwọ́ dúró ní oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ tí wọ́n rí gbà kò fi bẹ́ẹ̀ jìn ju láti Oṣòdì dé Ìdó lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà tọ́ irú rẹ̀ wò ní Mahiwa, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1917. Inú yàrà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ni ọ̀tá ti ká wọn mọ́.

Ta ni ó borí?

Kì í ṣe ìbọn ni ó parí ọ̀rọ̀ náà ní Kírìjí. Àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni ó ń rin àárín àgọ́ méjèèjì. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 1886, a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lójú ogun, a sì dáná sun àgọ́. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira. Ohun tí wọ́n ń jà fún kì í ṣe ohun asán. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá sọ òótọ́ yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó fún wọn ní ohun tí ìbọn ọdún mẹ́jọ kò fún wọn.

Síbẹ̀, ọ̀ràn Mọdákẹ́kẹ́ kò yanjú, Ìbàdàn àti Ìlọrin sì ń bá ìjà wọn lọ nítorí Ọ̀fà. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ní ọdún 1893, Gómìnà Carter tú àwọn àgọ́ tí ó kù ká. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé tí ó fi í sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Èkìtì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ara wọn lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ajẹ́lẹ̀ òyìnbó.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ mọ ọjọ́, ẹ mọ orúkọ àwọn olórí ogun. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ bi ara yín pé: kí ni ó yí padà lẹ́yìn ìjà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan? Ta ni ó jẹ èrè, ta ni ó san owó rẹ̀? Ọmọ tí a bí nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ti pé ọdún 16 kí ó tó tán. Iye ọdún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn.

Nínú kíláàsì náà ní Ìsọlọ̀, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ọmọ Èkìtì ni ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín ọmọ tí ó béèrè ilé lójú ogun. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ibi tí bàbá ńlá ẹnì kejì rẹ̀ pàgọ́ sí. Nígbà tí mo tún wọ kíláàsì, mo sọ fún ọmọ náà pé ìbéèrè rẹ̀ dára, mo sì ka ìtàn yìí fún gbogbo wọn.